Omi tí ń yọ àbàwọ́n aṣọ: ìwà trichlo àti ewu tí ó wà nínú rẹ̀

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ogun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í lu ìlù, kì í sì í fọn fèrè. Inú ìgò kékeré ni ó máa ń gbà wọ ilé iṣẹ́ wa. Trichlo ni àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ń pè é. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ní èdè Faransé ni trichloréthylène. Ó mọ́ gaara bí omi òjò, òórùn rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Bí epo bá ta sí aṣọ, tàbí bí gíríìsì bá lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀rọ, ẹ̀kán díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti mú un kúrò. Kí a tó ṣẹ́jú, omi náà ti gbẹ, àbàwọ́n sì ti lọ.

Ìlú aṣọ ni Àjàṣẹ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í lọ síbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àgbà. Lẹ́ẹ̀sì olówó iyebíye, bazin dídán àti aṣọ òfì tí a jogún kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọṣẹ líle gbo. Nítorí náà, ẹni tí epo ẹ̀rọ ìránṣọ ta sí aṣọ oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́ máa ń wá ohun tí yóò yọ ọ́ láìba aṣọ jẹ́. Mẹkáníìkì tí ó fẹ́ fọ ẹ̀yà ẹ̀rọ alùpùpù zémijan ń wá irú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ni prẹ́sìn ń lo ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn. Iṣẹ́ gidi ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe, a kò sì lè bá wọn wí pé wọ́n ń wá ọ̀nà àtijẹ. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ni pé kí a jọ mọ ohun tí ó wà nínú ìgò náà dáadáa.

Kí ni ó wà nínú ìgò náà?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ báyìí: C₂HCl₃. Ìyẹn ni pé átọ́ọ̀mù kábọ̀n méjì, haidirójìn kan àti klórínì mẹ́ta ni ó para pọ̀ di mólékù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Klórínì mẹ́ta yìí ni «tri» àti «chlor» tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ dúró fún. Klórínì kì í ṣe àjèjì sí wa: ó wà nínú iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀, ó sì wà nínú omi javel tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n ohun tí èròjà kan bá so pọ̀ mọ́ ni ó ń pinnu ìwà rẹ̀. Klórínì tí ó so mọ́ sódíọ̀mù di iyọ̀ tí ọmọ ènìyàn kò lè ṣe aláìní. Èyí tí ó so mọ́ kábọ̀n di nǹkan mìíràn pátápátá.

Láti mọ ìwà trichlo, ẹ jẹ́ kí a fi í wé ohun tí gbogbo wa mọ̀ ní Àjàṣẹ́, èyíinì ni kpayo, epo tí a ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Bí a bá da kpayo sínú omi, yóò léfòó, nítorí ó fúyẹ́ ju omi lọ. Bí a bá da trichlo sínú omi, yóò rì sí ìsàlẹ̀ bí òkúta, nítorí lítà kan rẹ̀ wọn kìlógíráàmù 1.46, nígbà tí lítà omi kan wọn kìlógíráàmù 1. Kpayo ń gbiná wẹ́rẹ́; trichlo kì í tètè gbiná. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò léwu. Omi ń hó ní ìwọ̀n 100 °C, trichlo ń hó ní 87 °C. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ó bá hó kí ó tó máa fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Bí a bá ṣí ìgò rẹ̀ sílẹ̀ lásán, ooru rẹ̀ ti ń jáde nìyẹn. Ooru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀.

Nítorí náà, ìwà mẹ́ta ni kí a di mú: ó ń yọ́ ọ̀rá, ó ń fẹ́ lọ kíákíá, ó sì wúwo. Inú ìwà mẹ́ta yìí ni gbogbo àǹfààní rẹ̀ ti wá. Inú wọn náà ni gbogbo ewu rẹ̀ ti wá.

Láti ilé ìwòsàn dé ilé iṣẹ́

Nígbà kan, trichlo kì í ṣe ohun tí a ń bẹ̀rù. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti fọ ọ̀rá kúrò lára irin kí wọ́n tó kùn ún. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í dá iná sílẹ̀ bí epo bẹntiróòlù. Àwọn oníṣègùn pẹ̀lú gbà á tọwọ́tẹsẹ̀: ní nǹkan bí ọdún 1940 síwájú, wọ́n ń fún àwọn aboyún tí ń rọbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ooru rẹ̀ fà símú kí ìrora lè dín kù. Wọ́n tilẹ̀ ń lò ó láti yọ kaféènì kúrò nínú kọfí.

Lẹ́yìn náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ní ọdún 1977, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ lò ó nínú oúnjẹ tàbí kí a fi í ṣe oògùn akunilóorun mọ́. Ohun tí àwọn dókítà fi ọwọ́ ara wọn fún ènìyàn di ohun tí wọ́n ń sá fún. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ń sọ pé, «Ó ti pẹ́ tí a ti ń lò ó, kò sì ṣe wá ní nǹkan.»

Bí ó ṣe ń wọ inú ara, àti ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀

Ìwà àkọ́kọ́ ni pé ó ń yọ́ ọ̀rá. Awọ ara wa ní ọ̀rá tirẹ̀ tí ó ń dáàbò bò ó. Ẹni tí ó bá ń ki ọwọ́ bọ trichlo lójoojúmọ́ yóò rí i pé ọwọ́ òun ń funfun, ó ń gbẹ, ó sì ń sán. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò mọ sára awọ. Ọpọlọ àti àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri ara kún fún ọ̀rá, nítorí náà ibẹ̀ ni trichlo ń sáré lọ bí ó bá ti dé inú ẹ̀jẹ̀. Òun ni ó fà á tí orí fi ń fọ́ ẹni tí ó lò ó nínú yàrá tí a tì, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, tí ó sì ń ṣe bí ọ̀mùtí láìjẹ́ pé ó mu ọtí. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, ó lè dákú, mímí rẹ̀ sì lè dáwọ́ dúró.

Ìwà kejì ni pé ó ń fẹ́ lọ kíákíá. Ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀nà tí ó gbòòrò jù lọ fún un láti wọ ara. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé imú rẹ̀. Nígbà tí imú bá fi máa gbọ́ òórùn dídùn náà, ooru tí ó wà nínú yàrá ti kọjá ohun tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ máa mí sínú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ imú yóò tún mọ́ ọn lára, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ewu náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìwà kẹta ni pé ó wúwo. Afẹ́fẹ́ tí ó wúwo kì í gòkè lọ sí fèrèsé; ilẹ̀ ni ó ń wá. Ẹ wo inú ilé iṣẹ́ aránṣọ kan báyìí. Ọ̀gá jókòó sórí àga nídìí ẹ̀rọ. Ta ni ó jókòó sílẹ̀? Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ń gbé ètí aṣọ ni. Ta ni ó sùn sórí ẹní? Ọmọ jòjòló tí ìyá rẹ̀ gbé wá síbi iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó kéré jù lọ nínú ilé náà ni ó ń mí èyí tí ó pọ̀ jù lọ sínú.

Bí trichlo bá ti wọlé, ara kì í fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń gbìyànjú láti tú u ká kí wọ́n lè tì í jáde. Ṣùgbọ́n nínú títú náà ni àwọn èròjà mìíràn ti ń jáde wá, tí àwọn kan nínú wọn sì léwu ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ba àwọn ẹ̀yà kíndìnrín tí kò ṣeé fojú lásán rí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ní ọdún dé ọdún. Ó tún ń la ibi ọmọ kọjá dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú, wọ́n sì ti rí i nínú ọmú ìyá.

Àwọn òṣìṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tún mọ àmì kan: ẹni tí ó ti fi trichlo ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, bí ó bá mu ọtí ní alẹ́, ojú rẹ̀ yóò pọ́n, ara rẹ̀ yóò sì máa gbóná. Kì í ṣe pé ọtí náà le. Trichlo àti ọtí ni ó ń bá ara wọn du ọ̀nà kan ṣoṣo nínú ẹ̀dọ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, tí ó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, fi trichlo sí ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ti kíndìnrín ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù. Tẹ́trà, tí ọ̀pọ̀ prẹ́sìn ń lò, ní klórínì mẹ́rin dípò mẹ́ta. Àjọ náà fi í sí ẹgbẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, ti àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe gidigidi pé wọ́n ń fà á.

Iná, ọ̀dà potásì àti fífà símú

Ohun mẹ́ta kan wà tí a gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà lọ́tọ̀, nítorí wọ́n lè pa ènìyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àkọ́kọ́ ni iná. Òótọ́ ni pé trichlo kì í tètè gbiná, àmọ́ bí ooru rẹ̀ bá kan irin tí ó gbóná janjan tàbí iná wẹ́dà, yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, yóò sì di àwọn afẹ́fẹ́ olóró. Phosgène wà nínú wọn, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi jagun ní Yúróòpù ní ọdún 1915 sí 1918. Phosgène lè mú ẹ̀dọ̀fóró kún fún omi ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ènìyàn ti rò pé òun ti bọ́. Nítorí náà, wẹ́dà kò gbọdọ̀ jó irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi trichlo fọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe mu sìgá tàbí tan sítóòfù nínú yàrá tí a ti ń lò ó.

Èkejì ni potásì, tí àwọn tí ń se ọṣẹ mọ̀ dáadáa, àti ìbátan rẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní soude caustique. Bí trichlo bá pàdé irú èròjà bẹ́ẹ̀, ó lè di afẹ́fẹ́ mìíràn tí ń ba iṣan ojú jẹ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè yóò fi kú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ èyí, nígbà tí àwọn aláìsàn tí wọ́n fi trichlo kùn lóorun láti inú ẹ̀rọ tí èròjà bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀ jí, tí ojú wọn sì ti kú. Ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀, kódà nínú garawa ìdọ̀tí.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan ń fa ooru gọ́ọ̀mù àti irú omi bẹ́ẹ̀ símú kí ó lè pa wọ́n bí ọtí. Trichlo ń mú kí ọkàn ènìyàn máa ta gìrì sí èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìbẹ̀rù tàbí eré sísá. Ọkàn náà lè dàrú, kí ó sì dúró lójijì. Kò dìgbà tí ó bá di ìgbà kẹwàá. Ìgbà kìn-ín-ní lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn. Nítorí náà, bí ẹ bá bá ọmọdé nídìí rẹ̀, ẹ má ṣe lé e, ẹ má ṣe pariwo mọ́ ọn. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ mú un bọ́ síbi tí atẹ́gùn wà.

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ń bà á jẹ́

Níbo ni trichlo tí ó ti dọ̀tí ń lọ? Bí a bá dà á sí ẹ̀yìn ilé, apá kan yóò fẹ́ lọ. Ìyókù yóò máa wọ ilẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá dé ibi omi abẹ́ ilẹ̀, kò ní dúró lórí rẹ̀ bíi kpayo. Yóò tún máa rì títí yóò fi bá amọ̀ líle tàbí òkúta tí kò lè là kọjá. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ bá sì ń tú u ká, ó lè di èròjà mìíràn tí òun náà ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Òfin Amẹ́ríkà ní trichlo tí ó wà nínú lítà omi mímu kan kò gbọdọ̀ ju máíkrógíráàmù 5 lọ, ìyẹn ìpín márùn-ún nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan. Lítà trichlo kan wọn gíráàmù 1,460. Bí a bá pín ìkejì fún ìkíní, a ó rí i pé lítà kan ṣoṣo, bí ó bá yọ́ tán pátá, tó láti mú omi tí ó tó mílíọ̀nù 290 lítà dé ìwọ̀n náà. Kò sí kànga kan ní Àjàṣẹ́ tí ó ní omi tó bẹ́ẹ̀.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní Camp Lejeune, àgọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ North Carolina, trichlo àti tẹ́trà wà nínú omi ẹ̀rọ láti ọdún 1953 títí di 1987. Prẹ́sìn kan tí ó wà lẹ́bàá àgọ́ náà wà lára ibi tí ìdọ̀tí náà ti wá. Ní ọdún 1982, wọ́n wọn trichlo tí ó tó máíkrógíráàmù 1,400 nínú lítà omi kan níbẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi àwọn tí wọ́n gbé níbẹ̀ wé àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gbé ní àgọ́ mìíràn. Àrùn Parkinson, tí ń mú ọwọ́ gbọ̀n tí ó sì ń mú ẹsẹ̀ lọ́ra, fi ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàrin àwọn ti Camp Lejeune.

Ọdún 1988: nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ilẹ̀ wa di ààtàn

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí kò tíì dáyé ní ọdún 1988, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní àkókò náà, àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣe irú èròjà wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin líle lórí ìdọ̀tí wọn. Owó tí wọ́n fi ń pa á run ń ga sí i lójoojúmọ́. Nígbà náà ni àwọn oníṣòwò kan yíjú sí Áfíríkà.

Láàrin ọdún 1987 sí 1988, ọkọ̀ ojú omi kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí Kókó, èbúté kékeré kan ní ilẹ̀ àwọn Itsekiri ní Nàìjíríà, àwọn tí èdè wọn àti èdè wa jẹ́ ọmọ ìyá. Ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3,880, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá. PCB, èròjà oníklórínì mìíràn, wà lára ohun tí ó wà nínú wọn. Ilẹ̀ onílé kan ni wọ́n háyà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wà ní Ítálì ni wọ́n kọ̀wé sílé láti tú àṣírí náà. Ìjọba Nàìjíríà fi dandan mú kí wọ́n kó o padà; ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ó gbé e, Karin B, rìn láti èbúté dé èbúté ní Yúróòpù, tí orílẹ̀-èdè kan lẹ́yìn èkejì ń kọ̀ ọ́, kí Ítálì tó gbà á.

Ní ọdún 1988 kan náà, ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ìgbà náà bá ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Sesco, tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Gibraltar, ṣe àdéhùn láti gba ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ tí ó lè tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù márùn-ún lọ́dọọdún. Owó tí wọ́n fẹ́ san lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là méjì àbọ̀. Ariwo ta nílé àti lóde, ètò náà kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà kéde pé dída ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ wa jẹ́ ìwà ọ̀daràn sí Áfíríkà. Láti inú ìjà yìí ni àdéhùn Bamako ti wá, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1991 láti dí ọ̀nà mọ́ ìdọ̀tí olóró láti òkèèrè.

Bẹ̀nẹ̀ kò gbàgbé. Nígbà tí a kọ òfin àgbà tuntun, èyí tí a kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, lẹ́yìn àpérò gbogbogbòò ti oṣù Kejì ọdún náà, a fi ọ̀rọ̀ yìí sí i. Abala 27 ní ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ sí àyíká tí ó mọ́, ó sì jẹ́ ojúṣe rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Abala 29 sọ pé ẹni tí ó bá kó ìdọ̀tí olóró ilẹ̀ òkèèrè wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí ó rì í mọ́lẹ̀, tàbí tí ó ṣe àdéhùn lórí rẹ̀, ti dẹ́ṣẹ̀ sí Orílẹ̀-èdè. Abala 74 fi kún un pé bí Ààrẹ bá ba àyíká jẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, a lè pè é ní ọ̀dàlẹ̀ ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ohun ìwúrí ni àwọn abala wọ̀nyí. Àmọ́ Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Òfin tí ó lè lé ọkọ̀ òkun padà kò lè ká ìgò tí a fi ọwọ́ ara wa gbé sábẹ́ tábìlì. Abala 28 òfin àgbà kan náà ní kí òfin máa ṣètò bí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ilé ṣe ń tọ́jú ìdọ̀tí olóró wọn pẹ̀lú. A kò lè bínú sí àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n fẹ́ da oró sí ilẹ̀ wa, kí àwa náà sì máa dà á sí ẹ̀yìn kànga wa.

Lókè òkun, wọ́n ń sá kúrò nídìí rẹ̀. Láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2016, kò sí ẹni tí ó lè lo trichlo ní ilẹ̀ àjọ Yúróòpù láìgba ìyọ̀ǹda pàtàkì. Ní ọdún 2012, ilẹ̀ Faransé ṣe òfin láti yọ ẹ̀rọ tẹ́trà kúrò nínú àwọn prẹ́sìn tí ó fara kan ilé àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà kéde òfin tí yóò fòpin sí lílo trichlo. Bí ọjà kan kò bá rí ẹni rà á níbì kan, ó máa ń wá ẹni mìíràn lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Kí ni kí a ṣe?

Ẹni tí ó bá lè ṣe é, kí ó fi trichlo sílẹ̀ pátápátá. Epo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí aṣọ, ẹ da àtíkè tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo lé e, ẹ jẹ́ kí ó fa epo náà mu fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú ibẹ̀. Ọṣẹ dúdú àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí kí a tó dá ilé iṣẹ́ trichlo sílẹ̀. Ó ń gba àkókò. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kí ó ní sùúrù.

Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà mìíràn, ìta gbangba ni kí ó ti lò ó, kí ó dúró síbi tí atẹ́gùn yóò ti máa gbé ooru náà lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ó lo ìwọ̀nba, kí ó sì dé ìgò náà lọ́gán. Ìbòmú aláṣọ kò lè dí ooru yìí, ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò sì lè dí omi rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kí aboyún, abiyamọ àti ọmọdé má ṣe sún mọ́ ọn. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò omi mímu tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé, nítorí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ̀ pé trichlo kì í ṣe omi. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò náà gàdàgbà.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ gbé ẹni náà bọ́ sí ìta, ẹ bọ́ aṣọ tí ó ti rin kúrò lára rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ awọ rẹ̀. Bí ó bá ta sójú, ẹ máa da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Bí ó bá gbé e mì, ẹ má ṣe fi ipá mú un bì, nítorí omi náà lè ya sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí ẹ sì fetí sí èyí dáadáa: ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe fún un ní wàrà. Àṣà wa ni láti fi epo pa oró, ṣùgbọ́n oró yìí ọ̀rẹ́ epo ni. Epo ni yóò tún ràn án lọ́wọ́ láti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ọmọ ọlọ́mọ tí a fi sí yín lọ́wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni òbí rẹ̀ ní kí ẹ fún un. Wọ́n retí pé yóò fi ìlera padà sílé lọ́jọ́ ìgbòmìnira rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ̀yin ni ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ní èdè Faransé fún bàbá tàbí ìyá tí kò kàwé. Bí ẹ bá rí àwòrán egungun orí tàbí ti àyà ènìyàn tí ó là bí ìràwọ̀, tàbí orúkọ tí «chlor» wà nínú rẹ̀, ẹ dúró, ẹ kà á sókè, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí gbogbo ilé gbọ́.